Jákẹ́ẹ̀tì Tó Sọ Akọ̀wé Di Ọ̀gá

Ẹni tó ni ìtàn yìí ṣì wà láàyè. Ọ̀sán méjì gbáko ló fi jókòó níwájú mi tó ń sọ ọ́, ó sì ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí n má fi nǹkan kan bo òun láṣìírí ju orúkọ òun lọ. Láńrewájú la ó máa pè é. Mo bi í pé kí ló dé tó fẹ́ káwọn òǹkàwé wa gbọ́. Ó ní ó ti rẹ òun kí àwọn tí kò mọ òun máa yin òun.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé e dé Badagry lọ́dún 1982. Akọ̀wé kékeré ni, ìwé títò sínú fáìlì ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun àti Mọ́tọ́lá, ìyàwó rẹ̀, gba yàrá méjì nílé bàbá Ègùn kan tí wọ́n ń pè ní Sagbo, lẹ́bàá ọ̀nà Mowo.

Bàbá Sagbo ní jákẹ́ẹ̀tì kan tó fẹ́ràn ju gbogbo ohun ìní rẹ̀ lọ. Injiníà òyìnbó kan tó bá ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà màrosẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. Aṣọ àwọn tó ń gun alùpùpù, ìyẹn máṣíìnì, ni. Òwú ni, kì í ṣe awọ, àmọ́ wọ́n ti fi ìda pa á títí ó fi dúdú, tó ń dán fẹ́ẹ́rẹ́. Bí òjò bá rọ̀ sí i lára, omi á kàn máa yí dànù bíi ti orí ewé kókò. Àpò mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀, ti àyà òsì dagun, bẹ́líìtì sì gba ìbàdí rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kan ti ya rí, òwú pupa ni bàbá fi rán an.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ojú bàbá ti ń ṣú gan-an. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Àjàṣẹ́, lódìkejì ẹnubodè, ránṣẹ́ pé kó wá, dókítà kan wà níbẹ̀ tó lè bá a ṣe é. Kó tó lọ, ó pe Láńrewájú sí yàrá rẹ̀.

"Vi ṣie," ló máa ń pè é, bí àwọn Ègùn ṣe ń pe ọmọ wọn. "Bá mi tọ́jú aṣọ yìí. Má fi ọṣẹ kàn án. Má da omi gbígbóná sí i. Omi tútù àti kànìnkànìn ni wàá fi nù ún. Tó bá ti ń gbẹ, wàá rí i tó ń funfun níbi tó ti ń ṣẹ́ po. Gbé agolo ìda yìí sínú omi gbígbóná kó yọ́, kó o fi àkísà rẹ́ ẹ sí i lára díẹ̀díẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti rán an ni kó o tẹnu mọ́, ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé. Má sá a sóòrùn. Má ká a sínú àpótí."

"Bàbá, ṣé kí n máa wọ̀ ọ́?"

"Wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tí o ò bá wọ̀ ọ́, á gan. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo máa lò."

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì náà tí ìjọba ológun fi ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ pa. Àwọn kan ń gba orí ọ̀sà yọ́ kọjá, àmọ́ bàbá kì í ṣe ẹni tó máa gbé ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún sínú ọkọ̀ ojú omi kó máa sá fún sójà. Ọ̀sẹ̀ méjì rẹ̀ di ọdún méjì, ó dín díẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n ti ẹnubodè ni Mọ́tọ́lá bímọ. Ọmú rẹ̀ kò dá omi tó. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nígbà náà mọ bí nǹkan ṣe rí: mílíìkì ọmọ di ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ bíi wúrà, sójà a máa fi bẹ́líìtì to àwọn èèyàn sórí ìlà nítorí ṣúgà, ọlọ́jà tí wọ́n bá sì bá ọjà nínú yàrá rẹ̀, ó di arúfin.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Láńrewájú wọ jákẹ́ẹ̀tì bàbá, ó dé akoto, ó fi awò dúdú sójú kí omi má bàa fọ́ ọ lójú lórí máṣíìnì ogbó rẹ̀. Ó forí lé ìsọ̀ Fàúsátù ní Mowo, obìnrin tó ń ta ọjà inú agolo.

Ogún èèyàn wà lórí ìlà. Ó gbé máṣíìnì kalẹ̀, ó ń bọ̀ wá dúró lẹ́yìn wọn. Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá wẹ̀yìn, ó rí i, ó yà. Ẹni tó tẹ̀ lé e yà. Kí Láńrewájú tó mọ̀, ọ̀nà ti là títí dé ẹnu ìsọ̀.

Fàúsátù sáré jáde. "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ṣé láti Èkó lẹ ti ń bọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ò tíì dé bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ yẹ yàrá ẹ̀yìn wò ni?"

Ohun tó yẹ kó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: akọ̀wé lásán ni mí, mílíìkì ni mo wá rà. Ó la ẹnu. Ó wo àwọn èèyàn tó wà lórí ìlà, gbogbo wọn ti dorí kodò. Ó rí agolo mílíìkì mẹ́ta lórí pẹpẹ, ojú rẹ̀ sì gbé ibẹ̀.

"Mo ti rí ohun tí mo fẹ́ rí," ló wí.

Mílíìkì ló ní lọ́kàn. Ohun tí Fàúsátù gbọ́ yàtọ̀. Ó wọlé, ó kó agolo mẹ́fà jáde nínú àpò kan, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì fúnra rẹ̀, kò sì jẹ́ kó mú ọwọ́ lọ sápò.

Nígbà tó délé, Mọ́tọ́lá ka agolo náà lẹ́ẹ̀mejì. "Níbo lẹ ti rí gbogbo èyí?"

"Wọ́n pín in fún wa níbi iṣẹ́."

"Ibi iṣẹ́ yín tí wọn ò tíì san owó oṣù?"

"Wọ́n fi rọ́pò ẹ̀ ni."

Ọmọ ń ké. Mọ́tọ́lá wá ohun tó máa fi ṣí agolo.

Ó sọ fún mi pé òun pinnu lọ́jọ́ náà pé kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́. Ìpinnu náà lágbára gan-an, ó sì pẹ́ títí mílíìkì fi tán.

Nígbà tó fi di oṣù kẹsàn-án, kò tún dúró de òjò mọ́ kó tó wọ jákẹ́ẹ̀tì. Nínú ooru ọ̀sán gangan ni á wọ̀ ọ́, á sì máa làágùn bí ẹni tó ń gbẹ́ kànga. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìyẹn ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Kò pe ara rẹ̀ ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rí. Á kàn dúró, á wò yíká, á ní òun ti rí ohun tí òun fẹ́ rí, àwọn èèyàn á sì parí ìyókù fún un. Ní Mowo wọ́n fún un ní mílíìkì. Ní Imeke, létí ọ̀sà, wọ́n fún un ní ṣúgà àti ọṣẹ. Ọ̀gá níbi iṣẹ́ rẹ̀ kì í rántí orúkọ rẹ̀. Lójú ọ̀nà Imeke, àgbàlagbà ń bọ́ fìlà fún un.

Kò sí ẹni tó tọ́jú aṣọ bíi tirẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, á fi kànìnkànìn nu eruku rẹ̀, á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, á gbé agolo ìda sínú ìkòkò omi gbígbóná, á sì máa fi àkísà rẹ́ ẹ láti èjìká wá sí apá, láti apá wá sí etí àpò. Ìka rẹ̀ á wọ gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti rán an. Lẹ́yìn náà á fi kọ́ sínú òjìji lẹ́yìnkùlé, á máa wò ó. Nígbà tí ìda inú agolo tán, ó lọ sí Ìṣẹ́yìn lọ gba ìda oyin lọ́wọ́ àwọn ọdẹ, ó sì pò ó mọ́ òróró tí àwọn káfíńtà fi ń pa ilẹ̀kùn.

Mọ́tọ́lá ló ni ìkòkò. "Ẹ̀kọ tí mo rò láàárọ̀ yìí ń rùn bí ilẹ̀kùn tuntun," ló wí.

"Aṣọ bàbá ni. Wọ́n ní kí n tọ́jú ẹ̀."

"Bàbá ò mọ̀ pé ẹ nífẹ̀ẹ́ wọn tó báyìí."

Ohun tó ba nǹkan jẹ́ ni pé àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹjọ́ sùn ún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Imeke, ọkùnrin kan sún mọ́ ọn, ó sọ ọ́ sí i létí pé Ajíbóyè, oníṣòwò ìrẹsì, kó àpò ìrẹsì pamọ́ sẹ́yìn ilé, òun fẹ́ kí ìjọba mọ̀.

Láńrewájú kò mọ ohun tó máa fèsì. "A ó wò ó," ló wí. Ó gun máṣíìnì rẹ̀ lọ sílé, ó jẹun, ó sì gbàgbé.

Ajíbóyè kò gbàgbé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ni wọ́n ti sọ fún un pé ọlọ́jákẹ́ẹ̀tì dúdú ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Kò rí i lójú rí, àmọ́ gbogbo Imeke ló ti júwe aṣọ náà fún un. Bí ojúmọ́ ṣe ń mọ́, òun àti àbúrò rẹ̀ kó gbogbo ìrẹsì náà sínú ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo, kí wọ́n lè gbé e sọdá ọ̀sà. Ẹrù pọ̀ ju ọkọ̀ lọ. Láàárín ọ̀sà ló rì. Àwọn apẹja yọ àbúrò rẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Kò sẹ́ni tó yọ ìrẹsì. Gbogbo ohun tí Ajíbóyè ní láyé ló wà nínú àwọn àpò yẹn. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìyàwó rẹ̀ fi kó ọmọ lọ sílé àwọn òbí rẹ̀.

Ibi iṣẹ́ ni Láńrewájú ti gbọ́. Akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́. "Wọ́n ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ló lé e wọnú omi. Àwọn èèyàn burúkú wà láyé."

"Wọ́n pọ̀," ni Láńrewájú fèsì, ó sì ń to fáìlì lọ.

Ó fi jákẹ́ẹ̀tì náà kọ́ sára ògiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò jẹun dáadáa. Ó ní lẹ́ẹ̀mejì lòun gun máṣíìnì dé ẹnu ọ̀nà Imeke kí òun lè lọ bẹ Ajíbóyè, ẹ̀ẹ̀mejì náà lòun sì padà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mílíìkì tán. Ó nawọ́ mú jákẹ́ẹ̀tì.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1985, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn ológun. Wọ́n ń tú àwọn kan sílẹ̀, wọ́n ń ti àwọn mìíràn mọ́lé. Àwọn ọlọ́jà tún gbórí sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ojú wọn rí. Láńrewájú gbọ́ ní Mowo pé àwọn kan ń wá ọlọ́jákẹ́ẹ̀tì onída, wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá rí i á jẹ́ ọjọ́ ìrántí. Ọjọ́ náà gan-an ló bọ́ ọ. Ó nù ún, ó pa ìda sí i dáadáa, ó fi kọ́ sí yàrá bàbá, ó tilẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n ṣí ẹnubodè lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bàbá dé. Ojú kan là, ìkejì kò là. Ó bọ́ sí yàrá rẹ̀, ó gbé aṣọ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó fọwọ́ ra gbogbo ara rẹ̀.

"Vi ṣie, o ṣeun. Èmi fúnra mi ò tọ́jú ẹ̀ tó báyìí rí." Omi bọ́ lójú rẹ̀ tó là. "Ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá ti tà á."

Láńrewájú sọ pé ká ní bàbá gbá òun létí lọ́jọ́ náà, ì bá dùn mọ́ òun. Ó yẹ kó kìlọ̀ fún bàbá. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Bàbá, ooru ti mú, ẹ má tíì máa wọ̀ ọ́."

Òjò àkọ́rọ̀ ṣú ní ọjọ́ kẹrin. Bàbá Sagbo wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gun máṣíìnì, ó rọra lọ sí Mowo láti lọ kí àwọn ọ̀rẹ́.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, obìnrin kan sáré wá sí ibi iṣẹ́ Láńrewájú. "Wọ́n ti di bàbá onílé yín mú níwájú ìsọ̀ Fàúsátù. Bàbá ní kí ẹ wá jẹ́rìí sí àwọn."

Ẹ wo bí ayé ṣe rí. Òun ni bàbá pè gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Nígbà tó débẹ̀, èrò ti pé jọ. Mọ́tọ́lá ti gbọ́, ó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ajíbóyè, tó ti gbẹ bí igi, di bẹ́líìtì jákẹ́ẹ̀tì náà mú, kò sì jọ ẹni tó máa jù ú sílẹ̀. Láti ìgbà tí nǹkan ti bà jẹ́ fún un, apẹ̀rẹ̀ ẹja ló ń fi máṣíìnì ẹlòmíì gbé láti etíkun wá sí Mowo. Bàbá dúró gbọin, fìlà rẹ̀ ti já bọ́.

"Akọ̀wé mi ló dé yìí," ni bàbá wí. "Ọmọlúàbí ni. Kì í purọ́. Ẹ bi í léèrè."

Ajíbóyè yíjú sí i. "Bùọ̀dá, bàbá yìí ní Àjàṣẹ́ lòun wà fún ọdún méjì. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni," ni Láńrewájú wí. "Ojú ni wọ́n lọ tọ́jú."

"Jákẹ́ẹ̀tì yìí ńkọ́? Òun náà lọ sí Àjàṣẹ́?"

Àyè ṣì ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ fún un láti jẹ́wọ́. Ó ní òun rí àyè náà kedere, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ síni.

"Ó wà nínú yàrá. Yàrá wà ní títì. Bóyá ẹnì kan fọ́ ọ wọlé, mi ò mọ̀. Èmi ò rí nǹkan kan."

Fàúsátù gbé orí sókè. Ó sún mọ́ ọn. Kò wo ojú rẹ̀, ńṣe ló di ojú tirẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ bá mi sọ ọ́. Ẹ ní, mo ti rí ohun tí mo fẹ́ rí."

Láńrewájú wo ìyàwó rẹ̀. Mọ́tọ́lá ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ẹ sọ ọ́, akọ̀wé," ni bàbá wí. Kò tíì yé e. "Kí ló le níbẹ̀?"

Ó sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ, síbẹ̀ ó tó. Fàúsátù la ojú. "Òun ni," ló wí.

Láńrewájú dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí agolo mẹ́fà títí dé ọkọ̀ ojú omi. Àwọn kan nawọ́ láti lù ú. Ajíbóyè dá wọn dúró.

"Ibi iṣẹ́ wo lo wà gan-an?" ló bi í.

"Ibi tí wọ́n ti ń to fáìlì."

"Fáìlì kí ni?"

"Fáìlì gọ́tà."

Ajíbóyè bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú òjò. "Fáìlì gọ́tà," ló ń wí. "Mo gbé ayé mi jù sínú ọ̀sà nítorí akọ̀wé gọ́tà. Ká ní sójà gidi ni, ǹ bá gbà pé kádàrá ni." Nígbà tó dákẹ́ ẹ̀rín, kò sẹ́ni tó fẹ́ wo ojú rẹ̀.

Mọ́tọ́lá lọ sílé. Kò pẹ́ tó fi padà dé pẹ̀lú agolo mílíìkì méjì tó kù nílé. Ó gbé e síwájú Fàúsátù, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ̀ pé tiyín lọmọ mi ń mu." Fàúsátù fà á dìde, ó sì dá agolo náà padà sí i lọ́wọ́. Láńrewájú ní agolo méjì yẹn dun òun ju bí wọ́n ṣe máa lu òun lọ.

Bàbá Sagbo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Ó nawọ́ rẹ̀ sí Ajíbóyè.

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" ni Ajíbóyè bi í.

"Òjò ń pa ọ́ lórí máṣíìnì. Gbà á." Ó yíjú sí Láńrewájú. "Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Ní oṣooṣù, wàá máa lọ sí Imeke lọ bá a pa ìda sí i. Má ránṣẹ́. Fẹsẹ̀ ara rẹ lọ."

"Mo gbọ́, bàbá. Ẹ forí jì mí, bàbá."

"O lè máa gbé inú ilé mi. Ọmọ rẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n má pè mí ní bàbá mọ́. Onílé ni mo jẹ́ sí ọ."

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n sin onílé náà, Láńrewájú pẹ̀lú sì wà lára àwọn tó gbé pósí. Onílé ló ń pè é títí dé etí sàréè.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ní kí n sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó fi ìbọn fipá mú òun. Ẹnu tí òun pa dé nígbà tó yẹ kí òun sọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, mílíìkì ọmọ sì ni òun fi ṣe àwáwí. Mọ́tọ́lá kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ títí dòní, tó bá gbé ohunkóhun wọlé, obìnrin náà á kọ́kọ́ bi í léèrè ìwé ẹ̀rí owó tó fi rà á, á sì kà á.

Ó ń lọ sí Imeke lóṣooṣù. Á jókòó sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé Ajíbóyè, á gbé agolo sínú omi gbígbóná, á máa fi àkísà rẹ́ ìda sára aṣọ náà. Ajíbóyè á jókòó sórí àga, á máa wò ó. Kì í kí i, kì í dáhùn bó bá kí òun. Tó bá parí, á gba aṣọ, á wọlé.

Báyìí ni wọ́n ṣe é fún ọdún márùn-ún. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 1991 tó kọjá yìí, Láńrewájú parí iṣẹ́, ó dìde, ó nawọ́ aṣọ náà sí i. Ajíbóyè gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì dá a padà.

"Ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ ò tíì mu ìda tó," ló wí. "Jókòó."